Ọmọ Guatemala tó ń ṣe bíi pé òun ò gbọ́ èdè ìyá ẹ̀: ilé-ìwé ló fà á ni àbí eré?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Apá gúúsù ìwọ̀-oòrùn Houston níbí la ń gbé, ilé alájà mẹ́ta kan báyìí tó kún fún àwọn ará Mẹ́síkò, Honduras, Guatemala àtàwa ọmọ Nàìjíríà. Ọmọ mi obìnrin ní ọ̀rẹ́ kan lókè wa, ọmọ Guatemala, ọmọ ọdún 8. Lánàá ìyá ọmọ yẹn yọrí láti òkè, ó pè é ní èdè kan tí kì í ṣe Sípáníìṣì, ó ń dún kẹ́-kẹ́-kẹ́ lọ́nà ọ̀fun. Ọmọ yẹn ò dáhùn rárá, ó ń bá eré ẹ̀ lọ. Àwọn yòókù bi í pé kí ni màmá ẹ̀ ń sọ, ó ní òun ò mọ̀, bóyá ó ń kọrin ni. Ó dùn mí bíi pé èmi ni ìyá yẹn. Èdè wo gan-an nìyẹn, ṣé kì í ṣe Sípáníìṣì ni gbogbo wọn ń sọ ni? Ta ló sì kọ́ ọmọ ọdún 8 pé kó máa tijú èdè ìyá ẹ̀? Ọkọ mi ní ilé-ìwé ló fà á. Èmi ní eré tí wọ́n jọ ń ṣe nísàlẹ̀ yẹn ni. Ẹ bá wa dá sí i, torí a ti fi jà tán.

*

Ọkọ ẹ jàre díẹ̀, ìwọ jàre jù ú lọ, ṣùgbọ́n nǹkan kan wà tẹ́yin méjèèjì fò, màá débẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ mú èyí tó rọrùn kúrò nílẹ̀. Rárá o, kì í ṣe gbogbo wọn ló ń sọ Sípáníìṣì nílé. Guatemala nìkan ní èdè Maya 22, ìyẹn èdè àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ibẹ̀, tí òfin wọn ti ọdún 2003 kà sí èdè orílẹ̀-èdè, a ò tíì ka tàwọn tó wà ní Mẹ́síkò mọ́ ọn. Púpọ̀ nínú àwọn Maya tó wà ní Houston wá láti agbègbè Totonicapán ní Guatemala, láti ìparí àwọn ọdún 1970 ni wọ́n ti ń fa ara wọn wá, ẹ̀gbọ́n á mú àbúrò wá, àbúrò á mú àna ẹ̀ wá, K'iche' ni wọ́n sì ń sọ lọ́hùn-ún. Torí náà K'iche' ni mo rò pé ìyá yẹn sọ. Ká ní Oakland ní California lo wà ni, màá ní ó ṣeé ṣe kó jẹ́ Mam. Ká ní Indiantown ní Florida ni, Q'anjob'al, ogun ló lé àwọn yẹn débẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, iṣẹ́ oko ni wọ́n sì bá níbẹ̀. Ní San Francisco, Maya ti Yucatán ní Mẹ́síkò lo máa bá. Ẹni tó ń sọ Mam ò gbọ́ K'iche' o, ká má rò pé ẹ̀ka èdè kan náà ni bíi Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá.

Ohùn kẹ́-kẹ́ tó o gbọ́ yẹn, ọ̀nà ọ̀fun ni wọ́n máa ń sé kí wọ́n tó tú ọ̀rọ̀ sílẹ̀, àmì kékeré tó wà lẹ́yìn k nínú K'iche' yẹn ló dúró fún un. Iṣẹ́ tí àmì ohùn ń ṣe fún wa lòun náà ń ṣe fún wọn. *Ja* ni ilé. *Ja'*, tó o bá sé ọ̀fun nípàárí ẹ̀, omi ni. Igba àti igbá ẹ náà nìyẹn.

*

Ọ̀rọ̀ ilé-ìwé wá kàn. Ẹni tó kọ̀wé lẹ́yìn ẹ ní "ilé-ìwé Amẹ́ríkà ló ń pa èdè gbogbo ènìyàn, ọ̀rọ̀ ti tán", mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Èmi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ lẹ́yìn ilé-ìwé, èmi ni mo máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn òbí nígbà mìíràn, mo sì ti rí bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé: èdè wo lẹ ń sọ nílé? Akọ̀wé tó jókòó síbẹ̀ á ti bi ìyá yẹn ní Sípáníìṣì. Ìyá yẹn ò gbọ́ Sípáníìṣì dáadáa, kò sì fẹ́ kí wọ́n mọ̀, á ní "español". Ó parí. Ọmọ ti di ọmọ Sípáníìṣì lórí ìwé láti ọjọ́ yẹn lọ.

Wọ́n á wá sọ ọ́ sí kíláàsì tí wọ́n ti ń fi Sípáníìṣì àti Gẹ̀ẹ́sì kọ́ni, pé kó lè kọ́kọ́ mọ̀wé ní èdè ìyá ẹ̀. Èdè ìyá ta ni? Ọmọ yẹn wá ń kọ́ èdè àjèjì méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tíṣà á ní ó ya olódo. Ní ìpínlẹ̀ Texas yìí, tí ọmọ 20 tí wọn ò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, tí wọ́n ń sọ èdè kan náà nílé, bá wà ní kíláàsì ìpele kan káàkiri dístríìkì, òfin ní kí wọ́n ṣètò ẹ̀kọ́ elédè méjì fún wọn. Báwo ni wọ́n ṣe máa ka ọmọ K'iche' pé 20 nígbà tí gbogbo ìyá kọ Sípáníìṣì? (Ká tiẹ̀ ní wọ́n kà á, níbo ni wọ́n ti fẹ́ rí tíṣà. Ìyẹn wàhálà mìíràn.)

Nígbà kan mo bi ìyá kan jẹ́jẹ́, "K'iche'?" Ṣe ló fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín, ó wo akọ̀wé yẹn, ó wo ilẹ̀. Mo yí i padà lórí fọ́ọ̀mù, ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dá a padà sí Sípáníìṣì.

Nǹkan tí mo ní ẹ̀yin méjèèjì fò nìyẹn. Ọmọ ọdún 8 yẹn kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ ìtìjú. Wọ́n ti ń tijú bọ̀ kó tó di pé wọ́n bí i. Ogun abẹ́lé Guatemala bẹ̀rẹ̀ ní 1960, wọn ò fọwọ́ síwèé àlàáfíà àfi oṣù Kejìlá 1996, ó lé ní 200,000 èèyàn tó kú tàbí tí wọ́n wá tì. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti wádìí ẹ̀ jábọ̀ ní 1999 pé nínú àwọn tí wọ́n dá mọ̀ dáadáa, 83 nínú 100 jẹ́ Maya. Láyé ìgbà yẹn aṣọ tó o wọ̀ tàbí èdè tó o sọ lè pa ọ́. Tí wọ́n bá wá ń gba Mẹ́síkò kọjá, wọ́n tún gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀ bí ará Mẹ́síkò kí wọ́n má baà dá wọn padà. Ìyá tó ti fi bíbo èdè gba ẹ̀mí ara ẹ̀ là lẹ́ẹ̀mejì, kí lo fẹ́ kó kọ́ ọmọ ẹ̀?

*

Ó yá, eré. Ibi tí mo ti fara mọ́ ẹ jù nìyí, àwọn kan sì ti ń bú mi lábẹ́lẹ̀ pé mò ń gbé eré ọmọdé gẹgẹ. Kò burú.

Ọmọ kì í kọ́ èdè torí tíṣà, torí kí wọ́n lè mú un mọ́ra nínú eré ló ṣe ń kọ́ ọ. Ọmọkùnrin kan wà lọ́dọ̀ wa, ọmọ Totonicapán, ó tó oṣù méjì gbáko tó jẹ́ pé òun ni gólì lójoojúmọ́. Mo rò pé ó fẹ́ràn ẹ̀ ni. Ìgbà tó yá ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀ pé gólì nìkan ni kò nílò kó sọ̀rọ̀! Gbogbo àwọn tó kù ń pariwo pé ju síbí, ó ti jáde, kì í ṣe èmi, òun sì dákẹ́ sẹ́nu òpó. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ lanu pariwo "¡fuera!" pé bọ́ọ̀lù ti jáde, tí wọ́n gbà fún un, ọjọ́ yẹn náà ló kúrò ní gólì. Ta ló kọ́ ọ? Àwọn ọmọ Mẹ́síkò àti Honduras tí wọ́n jọ ń gbá a ni, kì í ṣe ilé-ìwé.

Sípáníìṣì fúnra ẹ̀ tún pín sí oríṣiríṣi nínú eré, àwọn tó ń pè wọ́n ní "Látínò" pọ̀ mọ́ra ò mọ̀. Káìtì tí wọ́n ń fò sókè, ọmọ Guatemala á pè é ní barrilete, ọmọ Mẹ́síkò papalote, ọmọ El Salvador piscucha. Góòlì dígí kéékèèké tí wọ́n ń ta nílẹ̀, cincos nìyẹn ní Guatemala, canicas ní Mẹ́síkò, chibolas ní El Salvador. Mo ti rí i tí wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá jà lórí orúkọ káìtì tí káìtì wà nílẹ̀ tí atẹ́gùn ń fẹ́ lọ. Ọmọ Guatemala kan sọ pé òun ní pisto, owó ló ń sọ, ọmọ Mẹ́síkò pariwo torí ọtí ni pisto lọ́dọ̀ tiwọn, àwọn ọmọ bá lọ fẹjọ́ sun tíṣà pé lágbájá mú ọtí wá sí ilé-ìwé. Sẹ́ńtì 50 ni o, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Tí wọ́n bá wá ń fi ọmọ Guatemala ṣe yẹ̀yẹ́ torí ó sọ "vos" dípò "tú" ("ìwọ" ni méjèèjì), á yí i padà kíá. Tí wọ́n bá lè fi Sípáníìṣì tí kò dún bíi ti Mẹ́síkò ṣe yẹ̀yẹ́, kí lo rò pé wọ́n máa fi K'iche' ṣe?

*

Ẹni tó ní "ọmọdé ni wọ́n, yẹ̀yẹ́ lásán ni, gbogbo wa la fi ara wa ṣe yẹ̀yẹ́ dàgbà". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, mi ò lè gbe èyí mì. Tí ọmọ bá pe ọmọ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní "indio" nínú eré, èébú àgbà ló ń pè, ẹnu àwọn òbí ẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ohun tó túmọ̀ sí ni ará oko, òpè, ẹlẹ́gbin. Ní Oxnard, California, níbi tí àwọn ọmọ Mixteco láti Oaxaca pọ̀ sí (àwọn yẹn kì í ṣe Maya o, ọmọ ìbílẹ̀ Mẹ́síkò ni wọ́n, ṣùgbọ́n ìyà kan náà ló ń jẹ wọ́n), ọ̀rọ̀ náà le débi pé ní 2012 àwọn èèyàn wọn gbé ìpolongo dìde pé ẹ má pè mí ní Oaxaquita mọ́, ìgbìmọ̀ ilé-ìwé ìlú yẹn sì fọwọ́ sí i pé kí "Oaxaquita" àti "indito" kásẹ̀ ńlẹ̀ nílé-ìwé. "Ará Oaxaca kékeré", "índíò kékeré", tó o bá gbọ́ ọ lásán á dà bí orúkọ ìkẹ́. Ẹnì kan ò ní torí orúkọ ìkẹ́ lọ sí ìgbìmọ̀ ilé-ìwé.

Tó o bá wá wò ó, àwọn tó ń pe èébú yìí, Sípáníìṣì làwọn náà ń sọ, àwọn náà ṣí wá ni, òyìnbó ilé-ìwé ò mọ ìyàtọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí tíṣà kì í fi í gbọ́ ọ. Létí tíṣà, àwọn ọmọ Látínò ń bára wọn ṣeré ni.

*

Ẹnì kan bi mí pé kí ló kan Yorùbá nínú èyí, ṣé a ò ní wàhálà tiwa ni. A ní in, àmọ́ ilé kan náà la jọ ń gbé pẹ̀lú wọn ní Houston, àwọn ọmọ wa ló sì jọ ń ṣeré. Kí n tiẹ̀ sọ nǹkan tó mú mi fẹ́ràn èdè yẹn.

Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò! Sípáníìṣì ò ní in, hermano ni gbogbo ẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ò ní in. K'iche' ní *atz* fún ẹ̀gbọ́n, *chaq'* fún àbúrò, àmọ́ tí ọkùnrin bá jẹ́ sí ọkùnrin tàbí obìnrin sí obìnrin ni, tí ẹ bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, orúkọ mìíràn ni. Wọ́n ní "o" àti "ẹ" náà, *at* ni wọ́n ń pe ẹgbẹ́ wọn, *lal* lo máa pe àgbà. Ohun tó sì ń kọ́kọ́ ṣubú lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí síbí nìyẹn, wọ́n á gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n wọ́n á máa pe ìyá àgbà ní *at* lórí fóònù, tí ìyá àgbà á máa dákẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti sọ "o káàárọ̀" fún bàbá yín lórí WhatsApp rí, ẹ mọ ìdákẹ́ tí mò ń wí.

Wọ́n tún ń fi ogún-ogún kà bíi tiwa. Ogún ni *juwinaq*, ìyẹn ni pé ènìyàn kan, ìka ọwọ́ àti ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ pé. Ogójì á di ènìyàn méjì. Ogójì tiwa náà kúkú ogún méjì ni.

*

Àríyànjiyàn tó gbóná jù wá dé. Àwọn mẹ́ta ló ti kọ ọ́ pé kí ìyá yẹn ṣáà fi dandan mú un, kó má dá ọmọ lóhùn àfi tó bá sọ K'iche'. Àwọn kan ní ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, ọmọ Amẹ́ríkà ni.

Èmi ò sí níbi méjèèjì. Ẹni tó ní "kó fi dandan mú un" ò tíì rí bí àárọ̀ ìyá yẹn ṣe ń rí. Ó ń fọ ilé oní-ilé láti aago mẹ́fà, bàbá wà lórí òrùlé níbi tí wọ́n ti ń kan pákó. Ọmọ yẹn náà ló ń bá wọn túmọ̀ lẹ́tà iná, ló ń bá onílé sọ̀rọ̀. Mo ti rí ọmọ ọdún 9 tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ dókítà fún ìyá ẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ọmọ, ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀ dídà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ò tiẹ̀ gba ilé ìwòsàn tó ń gba owó ìjọba láyè láti fi ọmọdé ṣe ògbufọ̀ àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Kí wọ́n pe ògbufọ̀ K'iche' lórí fóònù, wọ́n wà. Kí ìyá yẹn ṣáà mọ orúkọ èdè ẹ̀, kó sì sọ ìlú tó ti wá, torí tó bá ní "dialecto" (ẹ̀ka èdè) lásán, ti Mam ni wọ́n máa pè fún un, wọ́n á jọ máa wo ara wọn.

Ẹni tó tún ní kí ìyá jókòó bá ọmọ ṣeré ní K'iche', èrò òyìnbó nìyẹn. Àwọn tó ti bá wọn gbé, bíi Barbara Rogoff, onímọ̀ nípa bí ọmọ ṣe ń dàgbà, tó ti ń lọ sí San Pedro La Laguna, ìlú Maya kan ní Guatemala, láti àwọn ọdún 1970, rí i pé ọ̀dọ̀ wọn, ọmọ kì í dúró kí àgbà wá bá òun ṣeré. Ẹ̀gbọ́n ló ń bá a ṣeré. Ìyá ń ṣiṣẹ́, ọmọ ń wò, tó bá yá á tọwọ́ bọ̀ ọ́. Tí ìyá bá ń po àgbàdo, ọmọ náà á gba bọ́ọ̀lù àgbàdo kékeré kan, ṣé eré ni àbí iṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò bèèrè. Inú ìyẹn ni èdè wà. Ẹ wá kó wọn wá sí yàrá kan ní Houston, kò sígi tí wọ́n máa ṣẹ́, kò sí agbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò, iṣẹ́ ìyá wà nílé olówó tí wọn kì í mú ọmọ lọ. Èdè ò níbi tó máa gbà wọlé sí ọmọ lára mọ́ àfi ìbáwí. "Wá jẹun, wá sùn, mo ní kó o wá." Ìwọ náà rò ó wò, tó bá jẹ́ kìkì ìgbà tí wọ́n bá ń lé ọ kúrò nínú eré nìkan lo máa ń gbọ́ èdè kan, ṣé wàá dáhùn?

*

Kí n fi ohun tí mo rí kún un, kẹ́ ẹ má baà rò pé mò ń sunkún lórí òkú. Ọmọbìnrin kan lọ́dọ̀ wa, òun náà máa ń sọ pé òun ò gbọ́. Ọjọ́ kan òjò ò jẹ́ ká jáde, wọ́n ń ṣe ìyá-àti-ọmọ. Mo fetí sí wọn. Nígbà tó ń ṣe tíṣà, Gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ, ó ń na ìka bíi tíṣà ẹ̀ gan-an. Wọ́n jà lórí ta ló kàn, Sípáníìṣì. Ó wá mú bèbí, ó fi súwẹ́tà pọ̀n ọ́n (àwọn náà máa ń pọnmọ, àwọn ìyá wọn ń fi aṣọ híhun pọ̀n), ó ń mì í, ó ń lu ìdí ẹ̀ pẹ́pẹ́, ó ní *chatwaroq, chatwaroq*. Sùn, sùn. Mo ṣe bíi pé mi ò gbọ́, torí tí mo bá wò ó péré, á pa á dà.

Èyí ni mo rí di mú. Ẹ má bi ọmọ pé ṣé o gbọ́ K'iche', á ní rárá. Ẹ wo ibi tó ti ń lò ó nínú eré, kẹ́ ẹ jẹ́ kí àyè ibẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sí i. Nígbà tí ọmọ ẹ àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ bá tún ń ṣe bojúbojú, jẹ́ kí tìẹ kọ́kọ́ kà á ní Yorùbá, ení, èjì, ẹ̀ta, kí gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà kó sọ pé ó kàn ẹ́, ka tiyín. Má dá sí i o, àgbà tó bá dá sí i ti bà á jẹ́.

*

(Ẹni tó béèrè padà wá lọ́jọ́ Sunday, ohun tó kọ nìyí:)

Ẹ̀gbọ́n, a gbìyànjú ẹ̀. Ọmọ mi ka tiwa dé ẹẹ́wàá, wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Wọ́n ní ó kan ọmọ yẹn, ó kọ́kọ́ ní kò sí tiwọn. Ọmọ Honduras kan ní kó ka nǹkan ṣá, àwọn fẹ́ sá pamọ́. Ló bá kọjú sí ògiri, ó ń sọ ọ́ jẹ́jẹ́, jun, keb', oxib', kajib', job', ó wá dúró. Ó gbàgbé ẹẹ́fà. Ó ti fẹ́ sọ "six", la bá gbọ́ ohùn láti òkè, "waqib'!" Màmá ẹ̀ ni, ó ń sá aṣọ sórí irin, a ò mọ̀ pé ó ń gbọ́ wa. Ọmọ yẹn ò wòkè o. Ó ṣáà ní waqib', ó bá a lọ.

*

Ìwọ lo tún jàre lọ́dọ̀ ọkọ ẹ nìyẹn. Bá mi wò ó bóyá ó kọjá *b'elejeb'*, ẹẹ́sàn-án nìyẹn, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo ti ń gbìyànjú láti pè é tí àwọn ọmọ ọ̀dọ̀ wa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.